Ọlọ àti Ẹ̀rọ Ìlọta ní Ìlú Ẹdẹ: Ẹni Tí Ó Ni Í àti Ẹni Tí Ó Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ ìtàn ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ọba àti ogun ni ó sábà máa ń fi ṣáájú. Ti Ẹdẹ kò yàtọ̀. Ìtàn Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, ti di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀, pàápàá láti 1963 tí Dúró Ládiípọ̀ ti gbé Ọba Kò So jáde lórí ìtàgé. Ọba John Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tí ó jẹ Tìmì láti 1946 sí 1975, ṣe iṣẹ́ takuntakun lórí ìlù Yorùbá. Ulli Beier tẹ ìwé jáde ní 1959 lórí àwọn ọdún òrìṣà tí wọ́n ń ṣe nínú ìlú náà láàrin ọdún kan ṣoṣo. Ní 2017 ẹ̀wẹ̀, ìwé tí Insa Nolte, Olúkọ̀yà Ògèn àti Rebecca Jones ṣe olóòtú rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ àjọgbé àwọn Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn àbáláyé ní Ẹdẹ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ilé ọba, nínú ilé ìmáàmù àti nínú ilé oníṣàngó bákan náà, tí kì í sábà di orí ọ̀rọ̀. Ọlọ ni ohun náà.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ nípa ọlọ ni pé nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta dé, ọlọ kú, obìnrin sì bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Òtítọ́ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ni ó fi dúró. Ohunkóhun tí a bá fi ń lọ nǹkan, ìbáà jẹ́ òkúta, ìbáà jẹ́ irin, bó pẹ́ bó yá, ojú rẹ̀ yóò dán, eyín rẹ̀ yóò kú. Ẹni tí ó bá lè tún ojú náà ṣe ni ó ni ohun ìlọ̀ náà ní tòótọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, ó ń yá a lò ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ni a fi rà á. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ohun tí ó yí padà jùlọ ní Ẹdẹ láti ayé ọlọ dé ayé ẹ̀rọ kì í ṣe agbára tí ń yí ohun ìlọ̀, bí kò ṣe ọwọ́ tí ń tún ojú rẹ̀ ṣe.

Ọlọ ṣáájú Ata

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè dárúkọ ọlọ kí wọ́n má dárúkọ ata. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ ju ata lọ lọ́jọ́ orí. Ata tí a ń lọ̀ lónìí, àti rodo àti ṣọ̀m̀bọ̀ àti tàtàṣé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492. Tòmátò, àgbàdo àti gbágùúdá pẹ̀lú gba ojú omi kan náà wá. Kí wọ́n tó dé, ataare àti ìyèré ni a fi ń mú ẹnu ta, ọkà bàbà àti ẹ̀wà sì wà láti lọ̀. Nígbà náà, ọlọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí ata dé. Iṣẹ́ tuntun ni ata wá fi kún iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe.

Èyí kan Ẹdẹ gbọ̀ngbọ̀n. Akínwùmí Ògúndìran ti walẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé, níbi tí ìlú náà wà kí ó tó ṣí wá sí ibi tí ó wà nísinsìnyí, ó sì fi hàn pé ibùdó tí Ọ̀yọ́ Ilé dá sílẹ̀ sí ẹnu ààlà rẹ̀ ni, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún sí ìkejìdínlógún. Ó rí egungun ẹṣin níbẹ̀, ó sì tọ́ka sí igi oṣè tí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbìn. Àwọn ará ọ̀dàn ni wọ́n, wọ́n sì mú ìwà ọ̀dàn bọ̀ wá sí ẹ̀bá igbó. Àwọn tí ọkà jẹ́ oúnjẹ fún kò lè gbé ìlú kalẹ̀ láìní ohun tí wọn yóò fi lọ ọkà. Ní ti òkúta, ilẹ̀ Ẹdẹ kò fi du ẹnikẹ́ni, nítorí orí àpáta líle ìgbà láéláé ni gbogbo agbègbè Ọ̀ṣun jókòó lé.

Bí a bá tilẹ̀ wò ó sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, fífi òkúta lọ òkúta jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ó pẹ́ jùlọ ní ilẹ̀ yìí. Ní Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́, tí Thurstan Shaw walẹ̀ rẹ̀ ní 1965, a rí àáké òkúta tí àwọn ará àtijọ́ lọ̀ títí ojú rẹ̀ fi mú. Irú àáké bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹdùn àrá tí a ń rí nínú oko tí a sì ń gbé sí ojúbọ Ṣàngó. Oníṣàngó Ẹdẹ lè má fara mọ́ ìtumọ̀ yìí, kò sì sí ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì níhìn-ín ni pé ẹni tí ó ṣe òkúta náà mọ bí a ti ń fi òkúta lọ òkúta, ìmọ̀ yìí kan náà ni obìnrin ilé sì ń lò lórí ọlọ rẹ̀.

Òkúta méjì ni ọlọ. Èyí tí ó wà nílẹ̀ tóbi, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, a sì gbé e kalẹ̀ kí ó dà díẹ̀ sí iwájú, kí ohun tí a lọ̀ lè ṣàn sínú àwo. Èyí tí ó wà lókè, ọmọ ọlọ, kéré, ó gún díẹ̀, ó sì bá àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mu. Obìnrin kúnlẹ̀ tàbí kí ó jókòó lórí àpótí, ó tẹ ọmọ ọlọ mọ́lẹ̀, ó tì í síwájú, ó fà á bọ̀ sẹ́yìn. Bí ó ti ń tì í ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ń fà á bọ̀, ó dẹ ọwọ́ díẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ a máa jẹ́ kí ata tètè fọ́. Omi ni a fi ń darí rẹ̀: bí ó bá pọ̀, ata yóò sá kúrò lábẹ́ òkúta, bí kò bá tó, yóò lẹ̀ mọ́ ọn.

Kì í ṣe gbogbo òkúta ni ó ṣeé fi ṣe ọlọ. Èyí tí ó bá rọ̀ yóò máa bu iyanrìn sínú ọbẹ̀, eyín ni yóò sì jìyà rẹ̀. Èyí tí ó bá le tí hóró ara rẹ̀ sì wẹ́ jù yóò tètè dán. Òkúta tí ó dára ni èyí tí ó ní hóró líle tí ó ta yọ díẹ̀díẹ̀, tí àwọn hóró náà sì di ara wọn mú ṣinṣin. Bí ọlọ bá jẹ́ tuntun, èèrí ọkà tàbí àgbàdo tí kò wúlò ni a kọ́kọ́ ń lọ̀ lórí rẹ̀, a sì ń dà á nù, títí a kò fi ní gbọ́ iyanrìn lẹ́nu mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọlọ tí a ń lò lójoojúmọ́ kì í pẹ́ dán. Ìwọ̀n hóró tí ó ta yọ yóò wọlẹ̀, ata yóò máa yọ̀ lábẹ́ ọmọ ọlọ, èpo rẹ̀ yóò kàn fẹ̀ sílẹ̀ láìfọ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé apá òun ni kò lágbára mọ́. Ẹni tí ó mọ̀ yóò gbé ọlọ síta, yóò wẹ̀ ẹ́, yóò jẹ́ kí ó gbẹ, yóò sì mú òkúta tí ó le jù ú lọ tàbí irin tí ó ní ẹnu, yóò máa fi ṣá a ní ojú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti etí kan dé èkejì. Àṣepọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ náà. Bí ojú ibi tí a ṣá bá jìn jù, oúnjẹ àná yóò há síbẹ̀, yóò sì kan. Bí ó bá pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ, ọlọ yóò jẹ kòtò sí àárín, ọmọ ọlọ kò sì ní kàn án dọ́gba mọ́. Ọmọ ọlọ pàápàá gbọ́dọ̀ rí ṣíṣá, kí a sì máa yí i padà, nítorí òun ni ó kéré, òun ni ó sì ń tètè jẹ tán. Lẹ́yìn èyí ni a óò tún lọ èèrí ọkà, tí a óò dà á nù, tí a óò sì fi omi ṣan ọlọ náà.

Ìyá ni ó ń kọ́ ọmọbìnrin ní iṣẹ́ yìí. Bí a bá tilẹ̀ ní kí ẹlòmíràn bá ni ṣe é, ohun tí yóò fi ṣe é kò kọjá òkúta tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé tàbí irin tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè rọ. Kò sí ohun kan tí ọlọ nílò tí kò sí ní Ẹdẹ. Ìdí nìyí tí ọlọ fi máa ń pẹ́ ju ẹni tí ó rà á lọ, tí ìyàwó ilé fi ń bá ọlọ ìyá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi èyí sọ ayé àtijọ́ di ayé ìdẹ̀ra. Orúnkún a máa dun ni, ẹ̀yìn a máa ro, ata a sì máa ta ni lọ́wọ́ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀wà àkàrà tí a óò fi ṣe sàráà, ẹ̀gúsí ọbẹ̀ ìgbéyàwó, bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ orí ọlọ ni a óò ti lọ̀ ọ́, àwọn obìnrin agbo ilé kò ní fojú kan oorun. Ẹni tí ó bá sọ pé wọ́n kọ ọlọ sílẹ̀ nítorí ọ̀lẹ, ó dájú pé kò kúnlẹ̀ sí i rí.

Irin Wọ Ilé Ìdáná

Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907; Ẹdẹ wà lójú ọ̀nà náà, ó sì ní ibùdókọ̀ tirẹ̀. Kòkó ń lọ sí Èkó, irin ń bọ̀ láti Èkó: ìkòkò onírin, àdá, fìtílà, àti lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ẹ̀rọ ìlọta ọlọ́wọ́ tí a ń dè mọ́ etí tábìlì.

Ìdílé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ yìí yẹ ní mímọ̀, nítorí pé kì í ṣe ata ni a torí rẹ̀ ṣe é. Kọfí ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Archibald Kenrick gba ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ẹ̀rọ ìlọ kọfí kan ní 1815. Ní ilẹ̀ Faransé, ìdílé Peugeot, tí ayé mọ̀ sí oníṣẹ́ ọkọ̀, ti ń ṣe ẹ̀rọ ìlọ kọfí láti 1840, ti ata wọn sì tẹ̀lé e ní 1874. Ohun tí ó wà nínú gbogbo wọn kò ju irin méjì tí ó ní eyín lọ: ọ̀kan dúró, èkejì ń yí, ohun tí a fẹ́ lọ̀ ń gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí ó yá, wọ́n mú irú rẹ̀ tóbi sí i fún àgbàdo. Èyí tí a ń pè ní Corona, tí wọ́n ń ṣe ní Kòlóḿbíà, lókìkí láàrin wọn. Báyìí ni ọmọ ìyá ẹ̀rọ kọfí fi wọ ilé ìdáná Yorùbá, tí ó sì ń lọ ẹ̀gúsí, ẹ̀wà àti ata láìrí kọfí rí. Kọfí fúnra rẹ̀ hù nílẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní ilẹ̀ Ọ̀kun ní agbègbè Kàbà, a sì fi í sí ara iṣẹ́ ilé ìwádìí kòkó tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964. Ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn ń mu nílé ni ìyẹ̀fun inú agolo, irú èyí tí Nestlé gbé jáde ní 1938, tí omi gbígbóná nìkan tó fún.

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ gba ìkúnlẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin. Ó dúró, ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ata kò kàn án lọ́wọ́. Ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú dà bí ohun tí kò ṣòro: kí a tú u, kí a fọ eyín rẹ̀, kí a nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀ kí ó má baà dípẹtà, kí a sì fi òróró díẹ̀ pa á lára. Ìdè kan wà ní iwájú rẹ̀ tí a fi ń sún eyín méjèèjì mọ́ra tàbí kí a fi yà wọ́n. Bí a bá dè é jù, irin yóò máa ha irin. Bí a bá dẹ̀ ẹ́ jù, ẹ̀wà yóò jáde ní àbọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí eyín rẹ̀ bá kú, ìmọ̀ ìyá kò wúlò mọ́. Irin dídà ni. Òkúta ẹ̀yìnkùlé kò lè ṣá a. Méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pọ̀, nítorí bí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun tí èkejì sì ti jẹ, wọn kò ní kan ara wọn dọ́gba. Èyí tí a óò fi pààrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti irú ẹ̀rọ kan náà, ilé ìtajà ni ó sì wà, bí ọkọ̀ ojú omi bá ti gbé e dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí obìnrin Ẹdẹ ní ohun ìlọ̀ nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kò lè tún ojú rẹ̀ ṣe.

Ilé Ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kò tán ọlọ. Ẹ̀ńjìnnì ni ó tán an, tàbí tí ó sún mọ́ àtitán an. Èyí tí ó lórúkọ jùlọ káàkiri ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso ni Lister láti ìlú Dursley, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní nǹkan bí 1930, tí ó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì, tí kì í yí ju ìgbà 600 sí 650 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kì í kánjú, kì í sì í tètè bàjẹ́. Bẹ́líìtì ni ó so ó mọ́ ẹ̀rọ ìlọ̀ fúnra rẹ̀, tí ó ní ẹnu ńlá lókè bí àròfo. Irin kan tí ó lọ́ bí ìgbín wà nínú rẹ̀ tí ń ti oúnjẹ síwájú sí àárín awo irin méjì tí ó ní eyín. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣẹ́ ní Íńdíà ń ṣe àwòkọ méjèèjì, tí wọ́n sì ń kó wọn wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí iná mànàmáná dé, àwọn mìíràn fi mọ́tò iná rọ́pò ẹ̀ńjìnnì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá gbọ́n kò ta ẹ̀ńjìnnì rẹ̀.

Ohun tí ó ń gba ọlọ ní ìdajì ọ̀sán, ẹ̀rọ ń ṣe é kí a tó mí. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún ìlú tí obìnrin rẹ̀ ń ná ọjà, tí ó ń lọ sí Òṣogbo tí ó sì ń bọ̀. Wákàtí tí ọlọ ń gbà di wákàtí òwò. Onílọta ń gba owó ní ìwọ̀n agolo tàbí ní ìwọ̀n abọ́. Obìnrin ń san díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ó ka iye rẹ̀ pọ̀ ní ìparí ọdún.

Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ gidi, ó sì yẹ kí a yẹ́ onílọta sí nítorí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ lọ̀ àti èyí tí yóò kẹ́yìn. Ata kò gbọdọ̀ ṣáájú ògì, ẹ̀gúsí kò sì gbọdọ̀ sùn sínú ẹ̀rọ, nítorí òróró rẹ̀ yóò kan. Ẹni tí ó ní agbára ń ya ẹ̀rọ èlùbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ ata. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìró eyín tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Bí eyín bá ti ń jẹ, ohun tí ó ń jáde kì í kúnná mọ́, oníbàárà yóò sì pariwo. Ọ̀nà méjì ni ó wà fún un nígbà náà: kí ó pààrọ̀ awo, tàbí kí ó dè é sí i. Dídè é kò gba owó, nítorí náà òun ni ó ń kọ́kọ́ ṣe. Irin ń ha irin, ẹ̀rọ ń gbóná, oúnjẹ ń jáde pẹ̀lú ooru, bẹ́ẹ̀ ni ìfọ́ irin ń bá a jáde. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Nàìjíríà àti ní Ghana ti wọn irin tí ó wà nínú oúnjẹ kí a tó lọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tí a lọ̀ ọ́, wọ́n sì rí i pé ó ń pọ̀ sí i, pàápàá nígbà tí awo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun tàbí tí a bá fi ayọ́kúsọ irin tí kò le ṣe é. Àṣà àwọn obìnrin àtijọ́, pé kí a kọ́kọ́ lọ èèrí ọkà kí a sì dà á nù, ni òògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dà á nù? Onílọta kò fẹ́ fi epo rẹ̀ ṣòfò; oníbàárà àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ kò sì mọ̀ pé awo náà jẹ́ tuntun.

Iye awo náà fúnra rẹ̀ ti kúrò ní ọwọ́ Ẹdẹ. Nígbà tí ìjọba Shàgàrí fi òfin dín ọjà òkèèrè kù ní 1982, ohun èlò ẹ̀rọ wọ́n bí ojú. Nígbà tí a dá ọjà owó òkèèrè tuntun sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1986, iye náírà já ju ìdajì lọ, gbogbo ohun tí a fi dọ́là rà sì gbówó lórí. Ó yani lẹ́nu pé ẹ̀bá Ẹdẹ gan-an ni ìjọba àpapọ̀ ń gbé iṣẹ́ irin kalẹ̀ sí ní àsìkò yìí: a dá ilé-iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1980, ilé-iṣẹ́ rọ́ irin sì wà ní ìlú kan náà. Síbẹ̀, wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ ni onílọta ń sáré tọ̀. Wọ́n ń fi irin líle ṣá eyín awo tí ó ti kú, kí ó lè tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lú ti ìyá tí ń ṣá ojú ọlọ. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ní báyìí ọkùnrin ni ó ń ṣe é, owó ni ó ń gbà, ẹni tí yóò sì jẹ oúnjẹ náà kò sí níbẹ̀.

Níbòmíràn

Ó wúlò láti fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn, kí a lè rí ohun tí Ẹdẹ fi yàtọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1935 lórí ẹ̀rọ ìlọ̀ olómi ní Yúróòpù, Marc Bloch fi hàn bí àwọn olówó ilẹ̀ ti fi agbára mú tálákà láti máa lọ ọkà ní ẹ̀rọ tiwọn. Ní St Albans ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1331, olórí àwọn mọ́ńkì gba ọlọ àwọn ará ìlú, ó sì fi àwọn òkúta náà tẹ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, nígbà ọ̀tẹ̀ 1381, àwọn ará ìlú ya wọ ibẹ̀, wọ́n hú ilẹ̀ náà, wọ́n sì pín àfọ́kù ọlọ bàbá wọn láàrin ara wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ wọn.

Ní Mẹ́síkò, ti obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà. Arnold Bauer ti kọ̀wé ní 1990 lórí bí òkúta tí wọ́n ń pè ní metate, tí ó gba ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́wọ́ obìnrin lójúmọ́, ti fi ipò sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Níbẹ̀, àwọn ọkọ kan ni ó lòdì sí ẹ̀rọ, tí wọ́n ní oúnjẹ rẹ̀ kò dùn.

Ẹdẹ kò rí èkíní. Kò sí Tìmì tí ó gba ọlọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí òfin ìjọba amúnisìn tí ó dè é. Owó kékeré àti àkókò ni ó gba ọlọ lọ́wọ́ ìlú, lọ́nà tí ó dára lójú gbogbo ènìyàn, nítorí náà kò sí ọjọ́ kan tí a lè tọ́ka sí pé ọjọ́ náà ni a pàdánù nǹkan. Bóyá ìdí nìyí tí ìtàn rẹ̀ kò fi rọrùn láti kọ.

Gígé àti Lílọ̀

Ohun ìlọ̀ ti tún padà sínú ilé ní orúkọ bùlẹ́ńdà. Ó ti wọ ẹrù ìyàwó, ó sì ń dúró lórí tábìlì ibi tí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ yóò bá ẹni tí ó pè é ní ọlọ jà. Ọ̀bẹ ni ó wà ní ìdí bùlẹ́ńdà; ó ń gé ni, kì í lọ̀. Òkúta àti awo eyín ń tẹ nǹkan, wọ́n ń fà á ya, omi ara rẹ̀ sì ń jáde. Ọ̀bẹ ń gé e wẹ́wẹ́ nínú omi tí a bù sí i. Àgbàlagbà tí ó bá tọ́ ọbẹ̀ wò tí ó sì sọ pé bùlẹ́ńdà ni wọ́n fi lọ ata yìí, kì í ṣe àwítẹ́lẹ̀ ni ó ń ṣe.

Ó dùn mọ́ni pé àríyànjiyàn yìí kan náà ni àwọn tí ń ra ẹ̀rọ ìlọ kọfí olówó ńlá sínú ilé ń ṣe ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan. Òfin àkọ́kọ́ láàrin wọn ni pé ẹ̀rọ ọlọ́bẹ kì í ṣe ẹ̀rọ, pé àfi èyí tí ó ní awo eyín méjì. Ẹlòmíràn ń san ju dọ́là 1,000 lọ fún un. Bí a bá wo ìtọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ń fi tàdáwà kun etí awo, wọ́n sì ń yí i, kí wọ́n lè rí ibi tí ó ti ń kan ìkejì ju ibòmíràn lọ. Ohun tí obìnrin ilé ń fi àtẹ́lẹwọ́ wò lórí ọlọ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìyẹ̀fun àná kúrò, nítorí òróró kọfí a máa kan bí ti ẹ̀gúsí. Bí awo bá jẹ́ tuntun, wọ́n ń lọ kọfí tí kò dára nínú rẹ̀, wọ́n sì ń dà á nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí eyín bá kú, àwọn pẹ̀lú kò lè ṣá a. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni wọ́n ń kọ̀wé sí fún òmíràn. Dọ́là 1,000 kò ra ohun tí ọlọ fún obìnrin Ẹdẹ.

Bí a bá fi ojú èyí wo ìlú náà lónìí, a óò rí i pé ẹ̀rọ ìlọta kò kúrò ní ọjà. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, onílọta tí ń lo ẹ̀ńjìnnì kékeré ń ra epo náà ní ìlọ́po iye tí ó ń rà á tẹ́lẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ ni ó sì ń ru ẹrù náà. Ní oṣù Ramadan, nínú ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ jù, ẹni tí kò bá lọ ata sàárì sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí iná mànàmáná sì lọ ní òru, ẹ̀yìn ilé ni yóò gbà lọ wá ọlọ. Yóò bá a níbẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì ti dán. Ọlọ tí a ṣì ń ṣá ojú rẹ̀ lóòrèkóòrè ni ti oníṣègùn, nítorí òun kò lè gbé tìróò àti egbò igi lọ sí ilé ẹ̀rọ tí ata gba inú rẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀.